Àbàwọ́n Tí Mo Fi Ìpara Ahọ́n Erin Bò Mọ́lẹ̀

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìpara ni mò ń ṣe tà ní Ìsẹ́yìn. Ìyá Kaosara Onípara ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa. Ojú tì mí púpọ̀ kí n tó lè jókòó kọ ọ́, kì í sì í ṣe tìtorí àìsàn tó ṣe mí nìkan. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo ti mọ orúkọ àìsàn náà ni ojú ń tì mí sí jù. N ó sọ méjèèjì, n kò ní yọ ọ̀kan kúrò, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tó ń ka èyí ní irú àbàwọ́n tí mo ní, kó sì máa fi nǹkan pa á bí èmi náà ṣe fi nǹkan pa á.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀ òwò ìpara. Ahọ́n erin ni olórí nǹkan tí mo fi ń ṣe é, ewé ẹlẹ́gùn-ún tó nípọn, tó kún fún omi, tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní alófẹ́rà. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo gbìn ín sí, nínú àwọn báàfù tó ti jò. Bí mo bá gé ewé náà láàárọ̀, n ó fi ìdí rẹ̀ dúró nínú abọ́ kí omi rúsúrúsú tó korò tó wà lára rẹ̀ lè ro dànù, torí omi yẹn ló máa ń mú kí ara yún ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà n ó bó èèpo rẹ̀, n ó fi ṣíbí ha inú rẹ̀ tó ń yọ̀ bí ilá, n ó lọ̀ ọ́, n ó sì sẹ́ ẹ. Òrí tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀nà Ṣakí ni mo máa ń yọ́ lórí omi gbígbóná. N ó da àdín àgbọn sí i, n ó jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, n ó wá da ahọ́n erin lé e lórí, n ó sì máa lù ú títí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́. Kò sí kẹ́míkà kankan nínú rẹ̀. Ìpara náà dára fún awọ tó gbẹ, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí gìgísẹ̀ gbogbo ènìyàn lágbègbè wa bá ń là. Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé mo sọ pé ó ń wo ohun tí kò lè wò.

Ọdún kẹta òwò náà ni mo rí àbàwọ́n kan ní apá òsì mi, díẹ̀ sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Kò ju ìdérí ìgò lọ. Ó fi díẹ̀ pupa ju awọ ara mi yòókù lọ, ó dà bí ibi tí omi gbígbóná ta sí tó ti ń jinná. Kò yún mi, kò dùn mí. Mo rò pé làpálàpá ni. Mo ń fi ìpara mi pa á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mẹ́ta, ó ti tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Irun tó wà lórí àbàwọ́n náà ti ń re, ibẹ̀ kì í sì í làágùn mọ́. Bí mo bá wà nídìí iná, tí gbogbo apá mi tutù fún òógùn, ibẹ̀ nìkan ni yóò gbẹ. Mo rí i. Mo kàn ní ìpara ló ń fa òógùn náà mu ni.

Mo lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kan. Ó wò ó láti ẹ̀yìn káńtà, ó ta oògùn làpálàpá fún mi. Nígbà tí kò lọ, ó ta òmíràn. Nígbà tí ìyẹn náà kò ṣiṣẹ́, n kò padà lọ mọ́.

Fún ẹni tó ń ta ìpara, ìtìjú ni àbàwọ́n lára. Ta ni yóò ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wúkọ́? Ká ní mo kàn bò ó ni, ì bá sàn. Mo sọ ọ́ di ìpolówó. Mo ya fọ́tò apá mi, mo gbé e sórí Wasáàpù, mo sì fi ohùn sí i pé kí wọ́n wo bó ṣe ń lọ, pé ní oṣù tó kọjá ó ju báyìí lọ. Irọ́ ni. Ní oṣù tó kọjá, kékeré ni.

Fọ́tò yẹn ló mú Rísíkátù wá. Aránṣọ ni, ará Ṣakí, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó máa ń wá sí Ìsẹ́yìn láti ra aṣọ òkè lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ wa, kó lọ fi rán aṣọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó kí mi dáadáa, ó jókòó, ó wá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àbàwọ́n wà lẹ́yìn apá ọ̀tún rẹ̀, ó jọ tèmi bí ẹni pé ibi kan náà ni wọ́n ti gé wọn. Ó ní àwọn òbí ọkùnrin tí òun ń fẹ́ yóò wá mọ àwọn òbí òun láìpẹ́, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n rí i.

Mo gbé apá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. "Irú kan náà ni, ọmọ mi," ni mo wí. "Máa fi èyí pa á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tèmi ti ń lọ."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ra ìgò méjì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìpara ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, n ó dì í sínú ọ̀rá, n ó fún awakọ̀ tó ń lọ Ṣakí.

Kò pẹ́ tí òmíràn fi yọ lẹ́yìn mi, àti òmíràn ní itan. Ọmọ mi obìnrin, Kaosara, tó ń bá mi ṣe ìpara lẹ́yìn tó jáde ìwé mẹ́wàá, ló rí ti ẹ̀yìn níbi tó ti ń bá mi fọ ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Àǹtí Sílífà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Obìnrin tó lágbára ni, tó jẹ́ pé bó bá ti sọ̀rọ̀ nílé wa, ó di dandan. Ó ní kì í ṣe ojú lásán, ó ní ẹnì kan ló ń jowú òwò mi. Ó gbé àgbo wá, ó gbé àgúnmu wá, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ áfà kan tó fọ hàǹtú lára wàláà fún mi mu, a sì ṣe sàráà. Mo mu gbogbo rẹ̀. N kò lè sọ pé n kò mu, ìyàwó ilé ni mí.

Níkẹyìn ó mú mi lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń wo àrùn awọ. Bàbá náà gún gbòǹgbò inábìrí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àbàwọ́n apá mi. Ẹni tó bá mọ inábìrí mọ̀ pé bí iná ló ṣe ń jó ènìyàn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Èmi jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, awọ ibẹ̀ ti lé ròrò, omi ti kún inú rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bàbá náà yìn mí. Ó ní òun kò tíì rí obìnrin tó ní ìfaradà báyìí. Àǹtí Sílífà sọ ọ́ fún gbogbo ilé nígbà tí a dé, ó ń fi mí yangàn, inú mi sì dùn sí ìyìn náà. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí iná kò fi jó mi.

Ìdí náà wá hàn ní ọjọ́ kan tí mò ń yọ́ òrí. Abọ́ irin ni mo gbé lé omi tó ń hó, iná igi sì ń là dé etí rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì di etí abọ́ náà mú kí ó má bàa yí, mo sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún rò ó. Kaosara ń fọ ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó gbé imú sókè. Ó béèrè ohun tó ń jóná. Mo ní kò sí nǹkan tó ń jóná. Ó wo ọwọ́ mi.

"Mọ̀mí, ọwọ́ yín ni," ló wí.

Mo wo ọwọ́ mi. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀lé e ti lẹ̀ mọ́ abọ́. Nígbà tí mo fà wọ́n, awọ wọn ṣẹ́kù síbẹ̀. Mo dúró, mò ń retí ìrora, bí ènìyàn ṣe ń retí ààrá lẹ́yìn tí mànàmáná bá ti kọ. Kò dé. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, irú rẹ̀ kò bà mí rí láyé mi. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé òróró gbígbóná ló dà sí mi lọ́wọ́.

Ọkọ mi, Bàbá Kaosara, bírìkìlà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó dé tó rí ọwọ́ náà, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, a ń lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Àǹtí Sílífà ní oyìnbó kò mọ irú rẹ̀. Ọkọ mi jáde lọ pe ọ̀kadà.

Ọjọ́ méjì ni mo fi tò sórí ìlà nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kìíní, mo dé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àwọn tó wà níwájú mi sì ti kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta. Oòrùn yí kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan ó bọ́ sí èkejì, wọn kò dé orí nọ́ńbà mi. Lọ́jọ́ kejì, dókítà obìnrin kan rí mi. Ó wo ọwọ́ tó jóná, ó béèrè bí mo ṣe di abọ́ gbígbóná mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, mo sì sọ fún un pé n kò mọ̀. Ó ní kí n ká aṣọ mi sókè. Ó fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ mi, ó rí iṣan kan tó ti le tó okùn. Kò sọ ohun tó jẹ́. Ó kọ ìwé fún mi, ó ní kí n lọ rí Ọ̀gbẹ́ni Ọláòjò ní ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláòjò ti dàgbà, ó ń lo awò, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó mú òwú díẹ̀, ó yí i ṣóńṣó. Ó ní kí n di ojú mi, pé níbikíbi tí mo bá ti mọ̀ pé òwú kàn mí, kí n fi ìka tọ́ka síbẹ̀. Mo di ojú. Ó kàn mí lójúgun, mo tọ́ka sí i. Ó kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́, mo tọ́ka sí i. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mò ń dúró. Mo dúró títí.

"Ẹ máa bá a lọ, sà," ni mo wí. "Mo ti ṣe tán."

"A ti parí, Ìyá," ló wí. "Ẹ la ojú yín."

Mo la ojú. Òwú náà ṣì wà lójú àbàwọ́n apá mi, ó ń fi í gbá ibẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ẹ̀tẹ̀ ni," ló wí. "Ó ní oògùn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, ẹ ó sì rí ìwòsàn."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ nìkan ni mo gbọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá kan wà ní ẹ̀bá ìlú wa tí àrùn náà ti jẹ ìka rẹ̀. A kì í ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Bí a bá fẹ́ bú ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa, orúkọ bàbá yẹn la fi ń bú u. Èmi náà ti pè é rí, mo sì ti sá tẹ̀lé e. Gbogbo rẹ̀ padà wá bá mi lórí àga yẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláòjò ṣàlàyé fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi. Ó ní kòkòrò ló ń fà á, pé kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìran. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kòkòrò náà kò lè rí ṣe. Ó ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, láìpẹ́ n kò ní lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Oṣù méjìlá ni n ó fi lò ó. Ohun tí oògùn kò lè ṣe dáadáa ni kí ó dá iṣan tó ti kú padà, ìdí nìyí tí ìdúró fi burú. Ó wá béèrè bóyá ẹnì kan wà nílé mi, tàbí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀, tó ní irú àbàwọ́n yìí.

Orúkọ Rísíkátù, Rísí ará Ṣakí, wà lẹ́nu mi. Mo rò ó wò pé bó bá mọ̀, Ṣakí yóò mọ̀, bí Ṣakí bá mọ̀, Ìsẹ́yìn yóò mọ̀, ta ni yóò wá fi ìpara tí adẹ́tẹ̀ pò pa ara?

"Kò sí, sà," ni mo wí.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Kó tó di ọjọ́ náà, àìmọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, kì í ṣe àìmọ̀ mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ oògùn. Lọ́jọ́ kìíní, ìtọ̀ mi pọ́n bí omi sobo, bí kì í bá ṣe pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, n bá ti sá. Bí oṣù ti ń lọ, oògùn náà sọ awọ ara mi di dúdú, ó sì gbẹ. Àwọn oníbàárà ń wojú mi. Ọ̀kan béèrè bóyá ìpara mi ló ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo ní oòrùn oko ni. Mo ń wọ aṣọ alápá gígùn, mo ń fa hìjáàbù bolẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Nílé, kò rọrùn. Àǹtí Sílífà ya abọ́ mi àti ife mi sọ́tọ̀, ó ní kí wọ́n dá mi padà sílé bàbá mi kí n tó ran àwọn ọmọ. Ọkọ mi náà kó lọ sí pálọ̀ láti máa sùn. N kò bá a wí, ẹ̀rù ń bà á ni. Oṣù kan kọjá kí ó tó bá mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Ọláòjò, ó sì bi í ní gbogbo ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó béèrè nípa oorun, ó béèrè nípa oúnjẹ, ó béèrè nípa àwọn ọmọ. Wọ́n yẹ òun àti àwọn ọmọ wò, kò sí nǹkan lára wọn. Nígbà tí a délé, ó gbé abọ́ ẹ̀bà rẹ̀, ó wá jókòó tì mí níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bu òkèlè nínú tèmi. Àǹtí Sílífà dìde kúrò níbẹ̀. Ó tó oṣù mélòó kan kí ó tó tún wá bẹ̀ wá wò.

Ní gbogbo àsìkò yìí, mo ṣì ń fi ìpara ránṣẹ́ sí Rísí. Oṣù kìíní, oṣù kejì. Ní oṣù kẹta ó pè mí lórí fóònù. Ó ní ìka ọmọńdinrín òun ti ń ká, kò ṣeé nà mọ́. Ó ní abẹ́rẹ́ gún òun, ẹ̀jẹ̀ tí òun rí lára aṣọ oníbàárà ni òun fi mọ̀. Ó rọra béèrè bóyá mo ti rí irú rẹ̀ rí.

Mo wo ọwọ́ òsì mi tí mo fi báńdéèjì wé. Mo ní, "Máa fi ìpara náà pa á dé ìka." Mo fi ìgò kan kún tirẹ̀ lóṣù yẹn, mo ní kó má sanwó rẹ̀. Kò sí ohun tí mo ṣe láyé mi tó burú tó ìyẹn.

Ní oṣù kẹrin, Kaosara ń di ìpara àwọn oníbàárà, ó dé orí ti Ṣakí, ó dúró. Ó béèrè bóyá àbàwọ́n bíi tèmi kọ́ ni obìnrin yẹn ní, torí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Mo ní kó máa di ẹrù.

"Ṣé ẹ ti sọ fún un, Mọ̀mí?"

Mo na ọ̀rá sí i. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ níwájú mi, kò jù ú, ó rọra gbé e kalẹ̀ ni. Ó ní òun kò ní di èyí. Lẹ́yìn náà ó wọlé. Ọmọ tí mo bí, tí kò bá mi jiyàn rí. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò Ṣakí.

Ọ̀nà náà jìn ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Nígbà tí a kọjá Àgọ́-Àrẹ, ó ṣe mí bí ẹni pé kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n padà. Mo bá Rísí nídìí maṣíìnì rẹ̀. Ó dìde, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ọ̀nà ló gbé mi gba ibẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Ìka méjì ti ká sínú bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú, áyọ́ọ̀nù sì ti jó o lẹ́yìn ọwọ́, ibẹ̀ ti di egbò. Ó ní kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ ra omi wá fún mi. Mo ní kí wọ́n má yára. Nígbà tí wọ́n jáde, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo sọ fún un.

Kò sunkún. Ó tún jókòó sórí àga rẹ̀.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?" ló béèrè.

"Oṣù mẹ́rin."

"Ọjọ́ tí mo pè yín nípa ìka mi ńkọ́?"

"Mo ti mọ̀."

Ó wo aṣọ tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó yọ ọ́, ó ká a, ó tún un ká, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀, èmi tí mo tó ìyá rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí àwọn ọmọ má bàa wọlé bá mi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀kadà méjì la gùn, kò fẹ́ ká jọ gun ọ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Ọláòjò ti júwe ẹni tí a ó bá ní Ṣakí fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo lọ jẹ́wọ́ fún un pé irọ́ ni mo pa. Rísí wọlé nìkan, ó ní kí n dúró níta. Ìgbà tó jáde, páálí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lọ́dọ̀ mi díẹ̀.

"Ẹ má pè mí," ló wí. "Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, n ó pè yín."

Mo lo tèmi parí nígbà tí oṣù méjìlá pé, ó sì ti lé ní ọdún kan báyìí. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọ́n ní mo ti bọ́. Awọ mi ti padà sí bó ṣe wà, àwọn àbàwọ́n náà ti ṣá, àfi ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n wà ló lè rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òsì mi kò mọ gbígbóná, kò mọ tútù títí di òní, ìka méjì ibẹ̀ kò sì lágbára. Kaosara ló ń lu ìpara báyìí. Èmi ń gé ewé, mo sì ń fi ojú wo ọwọ́ mi ní gbogbo ìgbà, torí ojú ló kù tí mo fi ń mọ̀ bí mo bá gé ara mi. Mo ti pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́. Mo fi ohùn sórí Wasáàpù kan náà, mo dárúkọ àrùn náà, mo ní ìpara mi kò wò ó, pé irọ́ ni mo pa. Ọ̀pọ̀ oníbàárà lọ. Nínú ẹgbẹ́ àsálátù wa, àwọn kan kì í jókòó tì mí mọ́. Àwọn díẹ̀ ń jókòó.

Rísí náà ti parí tirẹ̀, ẹnu Ọ̀gbẹ́ni Ọláòjò ni mo ti ń gbọ́ nípa rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò nà. Wọ́n ní ká ní ó tètè dé ni, ó ṣeé ṣe kó nà. Ó ṣì ń ránṣọ, kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn òbí ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kò padà wá mọ́. N kò mọ̀ bóyá wọn ì bá padà wá ká ní ìka rẹ̀ nà, n kò sì ní mọ̀ láéláé.

Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá rí àbàwọ́n tó pọ́n tàbí tó ṣá lára rẹ tàbí lára ọmọ rẹ, tí kò yún, tí kò dùn, tí kì í làágùn, di ojú rẹ kí ẹlòmíràn fi òwú kàn ọ́ níbẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n lára, dìde lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Má fi inábìrí sí i. Má fi ìpara sí i, ìbáà jẹ́ tèmi. Mo mọ bí ìtìjú náà ṣe ń ṣe ènìyàn, ó gba ìka lọ́wọ́ mi, ó sì gba ìka lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán mi.

Ní oṣù tó kọjá, fóònù mi dún ní ọ̀sán. Rísí ni. Kò tíì pè mí rí láti ọjọ́ yẹn. Ó kí mi ní ṣókí. Ó ní oníbàárà òun kan wà tó ń gbé ní abúlé kan nítòsí Ìsẹ́yìn, àbàwọ́n wà lára ọmọ rẹ̀ obìnrin, ojú sì ń ti ìyá náà láti gbé e lọ síbi kankan.

"Mo ti fún un ní nọ́ńbà yín," ló wí. "Ẹ mú wọn lọ. Ẹ má ta nǹkan kan fún wọn."

Ó pa fóònù kí n tó lè dáhùn. Ìyá náà dé lọ́jọ́ kejì, ó da ìborùn bo ọmọ rẹ̀. Ó rí àwọn ìgò tó wà lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó béèrè iye tí ọ̀kan jẹ́. Mo ní kì í ṣe ohun tó gbé wa jáde lónìí nìyẹn. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, a sì lọ.